Recombinant PSA àti PSA inú àtọ̀: ọ̀kan kò ṣiṣẹ́, èkejì ń sọnù sínú serum. Èwo ló bàjẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ PSA ni mo gbé wá, pròtéènì tí kókó pròstéètì ọkùnrin máa ń ṣe, èyí tí àwọn onímọ̀ gene ń pè ní KLK3.

Ìgò méjì ló wà ní láàbù wa l'Ábẹ́òkúta níbí. Àkọ́kọ́ jẹ́ recombinant (èyí tí wọ́n fi gene rẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì ṣe), 50 µg, gbígbẹ. Inú sẹ́ẹ̀lì HEK293 ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni Ala18–Pro261 (láti amino acid 18 dé 261), pẹ̀lú His-tag (ìrù kékeré tí wọ́n fi ń fà á yọ) ní ìdí. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣírò fún un kò pé 28 kDa. Inú PBS (bọ́fà tó ní iyọ̀ àti phosphate) ló wà kí wọ́n tó sọ ọ́ di gbígbẹ. Ìkejì jẹ́ PSA tí wọ́n fà yọ láti inú àtọ̀ ènìyàn, olómi ni tirẹ̀.

Iṣẹ́ méjì la fẹ́ fi wọ́n ṣe. A fẹ́ lò wọ́n bíi standard (òṣùwọ̀n tí a mọ iye rẹ̀) fún ELISA total PSA, ìdánwò tó ń fi áńtíbọ́dì ka gbogbo PSA, irú sandwich tó ń lo ẹ́ńsáìmù HRP àti TMB tó ń yọ àwọ̀. A sì fẹ́ wò ó bóyá omi ewé kan lè dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Lórí gẹ́ẹ̀lì 12%, recombinant dúró sí nǹkan bíi 33 kDa. Nígbà tí a fi substrate S-2586 (ohun tó ń yọ àwọ̀ yẹ́lò bí ẹ́ńsáìmù bá gé e) dán an wò ní 405 nm, kò yọ àwọ̀ yẹ́lò kankan, bẹ́ẹ̀ ti inú àtọ̀ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi 10 ng/mL ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú serum (omi ara ẹ̀jẹ̀) obìnrin, recombinant tí kò ṣiṣẹ́ yìí gan-an la rí padà dáadáa, ó lé ní 9. Ti inú àtọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kò ju 4 lọ. Nínú bọ́fà lásán, 10 ni àwọn méjèèjì ń kà.

Èwo ló bàjẹ́ nínú wọn? Ìgò recombinant kan ṣì wà tí a kò tíì ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí a ṣe máa po ó àti bí a ṣe máa pín in kó má baà ṣòfò, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀gbọ́n Pròtéènì

Àbúrò, ìkankan nínú wọn kò bàjẹ́. Ohun tó yẹ kí o rí gan-an lo rí. Nọ́ńbà tó wà lára ìgò ló ti sọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí PSA ṣe ń jáde látinú gene rẹ̀, amino acid 261 ló ní. Àwọn 17 àkọ́kọ́ ni àmì tó ń mú un jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló máa ń gé e dànù. Àwọn 7 tó tẹ̀lé e, láti Ala18 dé Arg24, tí lẹ́tà wọn jẹ́ APLILSR, ni ìdérí tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù náà jí. Ìgbà tí nǹkan kan bá gé e lẹ́yìn Arg24, tí orí pròtéènì náà wá di Ile25, ni Ile yẹn á tó yí wọnú, tí ojú ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ á sì tò bó ṣe yẹ. Nínú ara ènìyàn, KLK2, ẹ́ńsáìmù tó jẹ́ ìbátan PSA, wà lára àwọn tó ń ṣe gígé yẹn. Ìgò tìrẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ala18, ìdérí rẹ̀ ṣì wà lórí. Kò lè gé S-2586, ì báà jẹ́ pé o fi sílẹ̀ di ọ̀la. Bí o bá rí Ile25–Pro261 lára ìgò mìíràn, ìyẹn ni èyí tí kò ní ìdérí, síbẹ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n wọn iṣẹ́ rẹ̀ kí o tó rà á.

Ní ti 33 kDa: ibì kan ṣoṣo ni ṣúgà máa ń so mọ́ lára PSA. Asn69 ni bí a bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, Asn45 ni bí a bá kà á láti Ile25, nítorí náà má jẹ́ kí nọ́ńbà méjèèjì tí o bá rí nínú ìwé dà ọ́ láàmú. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ni HEK293, ó mọ ṣúgà yẹn so. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣírò kò ka ṣúgà mọ́ ọn. Bí o bá fẹ́ fi ojú ara rẹ rí i, mú 1 µg, fi DTT (tó ń já ìdè cysteine) àti SDS (tó ń tú pròtéènì ká) sí i, gbé e sí 95°C fún ìṣẹ́jú 5, jẹ́ kó tutù, fi Triton X-100 tàbí NP-40 sí i kí SDS má baà pa ẹ́ńsáìmù tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà fi PNGase F, ẹ́ńsáìmù tó ń gé ṣúgà kúrò, sí i fún wákàtí kan ní 37°C. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí o kò fi PNGase F sí. Ìlà rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Má gbàgbé pé PNGase F náà ní ìlà tirẹ̀ lórí gẹ́ẹ̀lì, ní bíi 36 kDa.

Èyí tí wọ́n ṣe nínú E. coli kò ní ṣúgà rárá. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ju ìyẹn lọ ni pé PSA ní cysteine 10 tó gbọ́dọ̀ so pọ̀ ní méjì méjì, ìdè 5. Nínú E. coli, ó sábà máa ń dì jọ ní òkìtì, wọ́n á wá tú u, wọ́n á tún un ká. Bí àwọn ìdè náà bá ṣì ara wọn so, áńtíbọ́dì tó ń wo ìrísí pròtéènì kò ní dá a mọ̀. Fún Western blot, ó lè tó. Fún standard ELISA, èmi ò ní gbé e débẹ̀.

Ti inú àtọ̀ pẹ̀lú, tún un wò lórí gẹ́ẹ̀lì. Pẹ̀lú DTT, wàá rí àwọn ìlà kéékèèké nísàlẹ̀ ìlà ńlá. Láìsí DTT, wọ́n á padà di ọ̀kan. Nínú omi àtọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta PSA ni wọ́n ti gé nínú, pàápàá láàárín Lys145 àti Lys146, ìdè cysteine nìkan ló mú un dúró. Irú èyí kì í ṣiṣẹ́. Fi í sọ́kàn nígbà tí o bá ń ka ohun tí wọ́n máa sọ nípa serum.

Wàyí o, bí o ṣe máa jí recombinant. Thermolysin, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń gé pròtéènì, ni kí o lò, nítorí iwájú amino acid bíi Ile ló ti ń gé, èyí tó mú un bọ́ sí àárín Arg24 àti Ile25 gẹ́lẹ́. Bọ́fà rẹ̀ ni Tris 50 mM, NaCl 150 mM, CaCl₂ 10 mM, pH 7.5. Calcium ni kì í jẹ́ kí thermolysin fúnra rẹ̀ túká. Ibí ni PBS ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀: phosphate inú rẹ̀ á dì mọ́ calcium, omi á di funfun, PSA rẹ á bá a rì sísàlẹ̀. Fi kọ́lọ́ọ̀mù desalting kékeré pààrọ̀ bọ́fà rẹ̀ sí Tris kí calcium tó dé ibẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PSA 100 µg/mL àti thermolysin 2 µg/mL ní 37°C. Yọ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15, 30, 60 àti 120, kí o sì fi 1,10-phenanthroline 10 mM dá ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró; ó máa ń gba zinc lọ́wọ́ thermolysin. Ọtí ethanol ni kí o fi yọ́ phenanthroline, kì í fẹ́ yọ́ nínú omi. Ìdí tí mo fi ní kí o yọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni pé thermolysin kì í mọ̀wọ̀n. Bó bá pẹ́ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí gé PSA fúnra rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á gòkè, á tún wálẹ̀. Orí òkè yẹn ni àkókò tìrẹ.

Láti wọn iṣẹ́ rẹ̀, Tris 50 mM pẹ̀lú NaCl 1 M, pH 7.5 sí 8. Má ṣe bẹ̀rù iyọ̀ yẹn. PSA máa ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú iyọ̀ púpọ̀, 150 mM á mú un lọ́ra débi tí wàá tún rò pé kò jí. S-2586 ní 1 mM, PSA 1 µg ó kéré tán nínú ihò pléètì 100 µL, kí o sì máa kà á ní ìṣẹ́jú kan kan fún wákàtí kan. Má ṣe kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Chymotrypsin, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń gé pròtéènì, ni wọ́n ṣe substrate yìí fún, PSA kàn ń bá a lò ó ni, ó sì lọ́ra níbẹ̀. Substrate tó ń jẹ́ Mu-HSSKLQ-AFC sàn jù fún un, àfi kí ẹ̀rọ tó ń ka fluorescence wà. Ihò kan gbọ́dọ̀ wà tó ní thermolysin àti phenanthroline láìsí PSA. Zinc tí kò ju µM díẹ̀ lọ á dí PSA lọ́wọ́, nítorí náà omi distilled tó dáa ni kí o fi pèsè bọ́fà. Pure water inú ọ̀rá kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí.

Ti omi ewé: tannin máa ń dì mọ́ gbogbo pròtéènì tó bá rí. Fi Triton X-100 0.01% sínú bọ́fà, kí o sì dán omi ewé kan náà wò lára chymotrypsin. Bó bá dí méjèèjì lọ́wọ́ bákan náà, má tíì pè é ní ohun tó ń bá PSA jà. Àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀ máa ń hàn ní 405 nm, bẹ́ẹ̀ ni iron inú rẹ̀ máa ń pọ́n tó bá pàdé phenanthroline. Ihò tó ní ewé láìsí PSA kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú pléètì kankan.

Ìyá ELISA

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n mú ti serum, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń da pròtéènì tó dáa nù.

Serum kún fún àwọn tó ń mú ẹ́ńsáìmù tó ń gé pròtéènì. Méjì ló kan PSA. ACT, alpha-1-antichymotrypsin, máa ń so mọ́ ọn, áńtíbọ́dì total PSA ṣì máa ń rí i nínú ìdè yẹn. Alpha-2-macroglobulin ni ọ̀tá ELISA. PSA tó jí á gé e níbì kan, òun náà á sì pa dé mọ́ ọn lórí, bí ẹja ṣe ń wọ ìgèrè: omi ń wọlé ó ń jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè kan ẹja. Substrate kékeré ṣì lè dé ọ̀dọ̀ PSA níbẹ̀, áńtíbọ́dì kò lè dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ á wá kà á bí ẹni pé kò sí.

Ìdí nìyí tí ti inú àtọ̀ fi bọ́ sí 4. Èyí tí o ṣì ń rí ni àwọn tí wọ́n ti gé nínú, tí kò sẹ́ni tó lè mú wọn, àti àwọn tó so mọ́ ACT. Recombinant tìrẹ kò tíì jí, kò gé ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò mú un, ló fi lé ní 9. Bí o bá fẹ́ ẹ̀rí, fi PSA àtọ̀ sínú serum ní 37°C, kí o yọ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5, 30 àti wákàtí 2. Yóò máa lọ sílẹ̀ bí àkókò ṣe ń lọ. Ṣe irú rẹ̀ nínú bọ́fà tó ní BSA (albumin màlúù), kò ní yẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, inú bọ́fà náà ló ti máa kéré.

Nítorí náà, fún ìdánwò recovery (iye tí a rí padà nínú serum), recombinant tó ní ìdérí lórí ni kí o máa lò. Bí o bá fi thermolysin jí i tán, kò wúlò fún recovery mọ́. Ìgò iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù àti ìgò ELISA gbọ́dọ̀ yàtọ̀, kí orúkọ wọn sì yàtọ̀ lára túùbù.

Ọ̀rọ̀ standard tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú serum ọkùnrin, PSA tó pọ̀ jù ló so mọ́ ACT, ó sábà máa ń wà láàárín 70% sí 95%. Recombinant jẹ́ free (kò so mọ́ nǹkan kan), gbogbo rẹ̀. Àwọn áńtíbọ́dì kan wà tó ń rí free ju èyí tó so mọ́ ACT lọ. Bí tìrẹ bá jẹ́ irú bẹ́ẹ̀, 10 ng/mL ti standard á yọ àwọ̀ ju 10 ng/mL inú serum lọ, gbogbo èsì serum á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ láìsí ẹni tó mọ̀. Standard WHO àkọ́kọ́ tí wọ́n fi nọ́ńbà 96/670 sí lára jẹ́ 90% PSA-ACT àti 10% free, 96/668 sì jẹ́ free nìkan. NIBSC ní ìlú Ọba ló pèsè wọn. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta kit fún yín èwo ni wọ́n fi wọn tiwọn. Kí o gbé free àti 90:10 sórí pléètì kan náà ní ng/mL kan náà: bí àwọ̀ wọn bá dọ́gba, ọkàn rẹ balẹ̀. Bí wọn ò bá dọ́gba, má lo recombinant ṣe standard fún serum, lò ó fún omi sẹ́ẹ̀lì bíi LNCaP (sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pròstéètì), níbi tí kò ti sí ACT púpọ̀ bíi ti serum.

Bí a ṣe ń dín in kù nìyí, bí o bá ti po ó sí 200 µg/mL. Mú 5 µL sínú 995 µL bọ́fà, ó di 1 µg/mL. Mú 20 µL nínú rẹ̀ sínú 980 µL, ó di 20 ng/mL. Láti ibẹ̀, 500 µL sínú 500 µL: 10, 5, 2.5, 1.25, 0.625, 0.313, kí ihò òfo tẹ̀lé e. Má fi pípẹ́ẹ̀tì mú 1 µL kí o lè fò lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe ibẹ̀ á bá gbogbo curve lọ. Bọ́fà gbọ́dọ̀ ní BSA 1%. Láìsí BSA, ní ng/mL báyìí, PSA á lẹ̀ mọ́ ara ike. Sodium azide kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀ rárá, ó ń pa HRP.

Ooru Abẹ́òkúta náà wà níbẹ̀. Ìwé kit á ní kí o fi sílẹ̀ ní ooru inú yàrá, 18 sí 25°C ló ní lọ́kàn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí iná bá lọ tí AC kò ṣiṣẹ́, yàrá á lé ní 30. TMB tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 15 á ti kún kó tó pé 10, àwọn standard òkè á dọ́gba lójú ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú inú ìwé kọ́ ni kí o máa wò. Àwọ̀ standard tó ga jù ni kí o máa wò, ní 650 nm kí o tó fi acid sí i bí ẹ̀rọ yín bá ní i. Kí curve sì wà lórí pléètì kọ̀ọ̀kan, ti àná kò wúlò fún tòní.

Olùtọ́jú Fíríísà

Ìgò tí ẹ kò tíì ṣí: ẹ gbé e jáde, kí ẹ fi sílẹ̀ láì ṣí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibí, bí ẹ bá ṣí ìgò tó ṣì tutù, ìrì á sẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ yí i nínú centrifuge fún ìṣẹ́jú kan kí ìyẹ̀fun tó wà ní ìdérí lè padà sísàlẹ̀. Ẹ lè má rí nǹkan kan, 50 µg kì í fojú hàn dáadáa.

Ẹ tẹ̀lé ìwé tó bá a wá ní ti ohun tí ẹ máa fi po ó. Bí ìwé bá gbà yín láyè, omi tó mọ́ tí kò ní kòkòrò ni kí ẹ lò. Iyọ̀ PBS ti wà nínú ìgò, bí ẹ bá tún fi PBS po ó, iyọ̀ á di ìlọ́po. 250 µL ni kí ẹ fi sí i, á di 200 µg/mL. Ẹ rọra da omi náà gba ara ìgò sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ máa yí i jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe fi vortex gbọ̀n ọ́n, ìfófòó ń ba pròtéènì jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ gan-an, ẹ ka A280 (iye ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà ní 280 nm) kí BSA tó dé ibẹ̀. 1 mg/mL PSA ń ka 1.84, nítorí náà 200 µg/mL yẹ kó ka nǹkan bíi 0.37. Lẹ́yìn tí BSA bá ti wọ̀ ọ́, nọ́ńbà yẹn kò nítumọ̀ mọ́.

Ẹ pín in sí túùbù low-bind (tí pròtéènì kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́), 20 µL lọ́kọ̀ọ̀kan, 12 ló máa jáde. Ẹ má pín in kéré sí 10 µL, á gbẹ mọ́ ara túùbù nínú fíríísà. Èyí tí ẹ máa fi ṣe ELISA, ẹ fi BSA 0.1% sí i. Èyí tí ẹ máa fi thermolysin jí, ẹ má fi sí i, torí thermolysin á kọ́kọ́ máa jẹ BSA. −80°C ló dáa jù. Bó bá jẹ́ −20°C, kó má jẹ́ irú fíríísà tó ń yọ yìnyín ara rẹ̀, irú yẹn máa ń gbóná díẹ̀ kó tó tún tutù. Nítorí iná, ẹ kó àwọn túùbù sínú páálí ike láàárín ice pack tó ti dì, sínú kúlà kékeré nínú fíríísà, jìnnà sí ilẹ̀kùn. Túùbù tó bá ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ padà.

Aláyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ìdí-Àbà

Kékeré ni tèmi. Ìgò tí wọ́n kọ ìwádìí nìkan sí lára kò gbọ́dọ̀ ti ẹ̀yìn èsì aláìsàn kankan jáde. Bí serum náà bá wá láti ọ̀dọ̀ ènìyàn, kí ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ethics wà nílẹ̀ kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì yọ serum kúrò lórí ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Free PSA ló máa ń kọ́kọ́ dín kù bí ẹ bá fi sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àlàbàtà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ó ti yé mi. Ìbéèrè kan péré ló kù: a kò ní thermolysin, trypsin la ní nínú fíríìjì. Ǹjẹ́ a lè fi jí i?

Ẹ̀gbọ́n Pròtéènì

Ó lè jí i, torí ẹ̀yìn Arg ni trypsin náà ti ń gé. Wàhálà rẹ̀ jẹ́ méjì. Ó tún máa ń gé ẹ̀yìn Lys àti Arg mìíràn, nítorí náà bí PSA ṣe ń jí ni díẹ̀ nínú rẹ̀ á máa já. Èkejì ló burú jù: trypsin olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní chymotrypsin díẹ̀ nínú, S-2586 sì jẹ́ oúnjẹ chymotrypsin. Àwọ̀ yẹ́lò á yọ, kò ní jẹ́ ti PSA.

Trypsin tí wọ́n ti fi TPCK tọ́jú ni kí o wá, TPCK ń pa chymotrypsin yẹn. Èyí tó bá wà lára bead agarose ló dáa jù: fi sí PSA, máa yí i ní 25°C, yọ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5, 10 àti 20, kí o fi centrifuge mú bead sísàlẹ̀, kí o sì gbé omi òkè nìkan. Omi tí o bá fi fọ bead láìsí PSA, gbé òun náà sí ihò kan pẹ̀lú S-2586. Bí ihò yẹn bá yẹ́lò, dúró de thermolysin.